Elégédé Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Láti Àjà Kẹta

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo. Iye ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé, òun alára kò lè kà á mọ́. Ohun tó dá a lójú ni pé kò sí ibi tó lè tò sí láti ra nǹkan tí ẹnì kan kò ní yọjú sí i pé, "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí ìyá mi lọ́jọ́ tó bí mi o!" Òun náà á wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, á ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo fi ẹsẹ̀ wáyé?" Bó bá bọ́ sí i, ẹ̀rín á pa gbogbo àwọn tó tò. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ̀rín á ṣì pa wọ́n náà ni. Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, pàápàá nígbà tí ọmọ náà bá ń wá ojúrere.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni pé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ náà kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ ni. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò fi lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà mọ́ láìké yéè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, ní àfi kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́rin kan tí kò sí ohun tó ń gbéni gòkè níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ ẹni lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, òkè ni wọ́n gbé e lọ! Ọmọ náà sì rò pé òun ń tù ú nínú nígbà tó sọ pé, "Màámi, tẹ́ ẹ bá ti gòkè lẹ́ẹ̀kan, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́, a ó gbé e wá bá yín." Ìyá Agbẹ̀bí wò ó. Òun kò mọ ẹlòmíì tí wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àfi ẹni tó ń lọ sọ́run.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, jẹ́ ọmọ gidi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá mú ìgbálẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ki ọwọ́ bọ omi ìfọbọ́, á fi aṣọ nu ọwọ́ náà fún un, á sì mú un padà sórí àga. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Màámi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó láyé." Àga náà dára, ó rọ̀ bí òwú, ó sì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Agbẹ̀bí jókòó. Ó sinmi, ó sinmi, ó sinmi títí ìsinmi fi sú u. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ ńláńlá tí kì í tutù, wà lórí itan rẹ̀ bí àlejò tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa ní kó sùn.

Lẹ́yìn àga náà ni aṣọ fèrèsé ńlá kan wà tí wọn kì í ṣí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ àti ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́, ó dìde, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlẹ̀kùn gíláàsì ló rí, lẹ́yìn gíláàsì náà sì ni bákónì. Ó gùn tó ibùsùn méjì, ó fẹ̀ tó ẹni tó na apá méjèèjì, oòrùn òwúrọ̀ sì da bo gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibi téèyàn lè fi ẹsẹ̀ sí. Fáànù tí kò lè yí mọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá, àpótí aṣọ mẹ́ta tí ọwọ́ wọn ti já, àti kẹ̀kẹ́ kan tí kì í lọ síbì kankan, èyí tí ọmọ rẹ̀ rà láti máa fi dín ikùn kù, tí ikùn náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Orí àpótí aṣọ tó wà lókè pátápátá lojú rẹ̀ lọ. Eruku tó ti kó jọ sórí rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀, òjò ti rin ín, koríko kan ṣoṣo sì ti hù níbẹ̀, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá Agbẹ̀bí tẹ̀ mọ́ ọn tìrora-tìrora, ó ní, "Ìwọ yìí! Ta ló gbẹ̀bí ẹ?"

Bí ọ̀rọ̀ ọgbà ṣe wọ̀ ọ́ lọ́kàn nìyẹn. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa ọ̀gbìn o. Látọjọ́ tó ti dáyé, kò gbin nǹkan kan rí ju ìgbà tó sin owó ẹyọ kan sẹ́yìnkùlé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tó ń retí kó hù.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ọgbọ́n tó dá sí i nìyẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti jáde tán, á wọ́ nǹkan kan dé ẹnu ọ̀nà, á sì fún ọkùnrin tó ń kó ìdọ̀tí ilé náà. Fáànù lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àpótí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ tó kan kẹ̀kẹ́ ni ọmọ rẹ̀ ya wọlé lọ́sàn-án gangan.

"Màámi! Kẹ̀kẹ́ mi! Mo ṣì máa lò ó."

"Nígbà wo?"

"Tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀."

"Gùn ún báyìí kí n rí i."

Ọmọ náà gun kẹ̀kẹ́. Kò tíì wà á tó ìgbà téèyàn fi máa ka ogún tí ibi ìtẹ̀sẹ̀ òsì fi já, tó sì yí lọ sábẹ́ àga. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn.

"Ó dáa náà," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Bá mi gbé e dé ìsàlẹ̀ kó o tó padà síbi iṣẹ́."

Nígbà tí ìyàwó dé lálẹ́ tó rí bákónì tí wọ́n ti gbá, tí wọ́n ti fọ̀, tó ń dán, ó pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ibi tí wọ́n á máa sá aṣọ sí ni. Ìgbà tó gbọ́ pé ọgbà ni, ó jókòó. "Ọgbà kẹ̀? Lókè níhìn-ín? Màámi, ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹrẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi, ṣebí ìwọ lo ní kí n máa jókòó? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa jókòó sí."



Ọkùnrin kan wà ní ìkóríta tó ń ta òdòdó àti igi kéékèèké létí títì, Olódòdó ni wọ́n ń pè é. Òun ló já àpò ilẹ̀dú sí ẹnu ọ̀nà ilé náà lọ́jọ́ Sátidé. Oníṣẹ́ iná gbé àpò kan sí èjìká, ó gbé e dé àjà kejì, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Ìyá Agbẹ̀bí yọ orí láti òkè.

"Ṣebí okùn wà nínú ọkọ̀ iṣẹ́ ẹ? So báàfù mọ́ ọn. Ìwọ máa bù ú nísàlẹ̀, èmi á máa fà á lókè."

"Orúnkún yín ńkọ́, Màámi?"

"Ṣé orúnkún ni wọ́n fi ń fa okùn ni?"

Ní àjà kejì, lábẹ́ wọn gan-an, ni ọkùnrin kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aláago. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ń dá gbé, aago ló sì ń tún ṣe, lórí tábìlì kan tó gbé sẹ́nu bákónì tirẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé ní kì í bá ènìyàn sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Ẹ káàbọ̀," "Ó di ọ̀la," àti "Ó ti kú." Aago ló ń bá wí ní ti ẹ̀kẹta.

Báàfù àkọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sókè, ó gbójú sókè díẹ̀. Ìkejì kọjá, ó fi irinṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tó di ìkẹjọ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó jáde sí bákónì, ó yí ọrùn wo òkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fà gòkè?"

"Ilẹ̀ ni, sà."

"Ilẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ́n, ilẹ̀."

Bàbá Aláago wo ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Ó tún wo òkè. "Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń wà."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ni mo ṣe ní kó máa bọ̀ wá bá mi."

Báàfù mọ́kànlá ni. Ó kó o sínú àwọn ike ọ̀dà tó ti ṣófo, mẹ́jọ, tí ọmọ rẹ̀ bá a tọrọ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó gbin tòmátò, ó gbin ata, ó gbin efinrin àti àlùbọ́sà eléwé. Olódòdó sì ti fi kóró elégédé mẹ́ta ṣe èènì fún un. Ó kó ìyẹn sínú ike kan tó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kò fẹ́ fi ike gidi ṣòfò sórí èènì.

Wọ́n hù! Lọ́jọ́ kẹfà, ó rí orí tòmátò tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ń ti iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi sáré jáde nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bomi rin wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń pè wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ mi." Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn wọn tẹ̀, ewé wọn pọ́n, wọ́n sì dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olódòdó gòkè wá wò wọ́n. Ó ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, ó fà á yọ, ó ń kán tó, tó. "Màmá, ẹ ti fi ìkẹ́ pa wọ́n. Omi ò ríbi jáde. Àwọn ike yín ò ní ihò nídìí."

Ìyá Agbẹ̀bí di orí mú. "Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké pé kí wọ́n má fi oúnjẹ há ọmọ lọ́fun!" Ó kọ́kọ́ dùn ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e. Ẹni kan ṣoṣo tó là á já nínú gbogbo wọn ni elégédé kan, nínú ike tó là yẹn, torí omi ti ń rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà jáde. Èyí tí wọ́n kà sí èènì ló kù.

Ọmọ rẹ̀ mú ẹ̀rọ tó fi ń lu ògiri, ó dá ihò sí ìdí gbogbo ike. Wọ́n tún gbìn. Ìyá Agbẹ̀bí rọra ń bomi rin wọ́n báyìí, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, omi sì ń gba ìdí ike jáde bó ṣe yẹ. Ẹnikẹ́ni kò ronú síbi tó ń gbà lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Bàbá Aláago ló dúró síbẹ̀. Kò gòkè dé àjà kẹta rí láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé ilé náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo pẹlẹbẹ kan. Aago ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀kán omi kan sì jókòó sí àárín rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá," ó ní. "Òjò rọ̀ sínú aago yìí. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì."

"Yéè! Ẹ dákun, Bàbá, ẹ fi orí jì mí. Omi ọgbà mi ni. Ṣé ó ti kú?"

Bàbá Aláago wo inú aago náà. "Kò tíì kú," ó ní. "Ó dákú ni."

Àfi bí ẹni pé wọ́n lu agogo fún Ìyá Agbẹ̀bí. "Ó dákú? Kí la wá ń dúró ṣe?" Ó fi ìka ẹsẹ̀ wá bàtà, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí akàn, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, Bàbá Aláago ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn gbẹ̀yìn.

Aago kún ara ògiri iyàrá ọkùnrin náà bámúbámú, kò sì sí méjì nínú wọn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ọ̀kan ní aago mẹ́ta ti lù, ọ̀kan ní kò tíì tó mẹ́wàá. Bàbá Aláago ki gíláàsì dúdú kékeré kan sójú, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó mú ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó sì ń yọ inú aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nù ún. Ìyá Agbẹ̀bí ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún nǹkan bíi wákàtí kan.

"Ọwọ́ yín kì í gbọ̀n," Bàbá Aláago sọ láìgbójú sókè.

"Tó bá jẹ́ pé ó máa ń gbọ̀n ni, orí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú yìí ì bá ti rí pẹlẹbẹ."

Èjìká ọkùnrin náà mì. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìyá Agbẹ̀bí gbé e sétí. Ó ṣe díẹ̀, ojú rẹ̀ là.

"Ó ti ké!" ló pariwo. "Bàbá, ó ti ké o!"

Bàbá Aláago rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi já bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, omi kò kán sísàlẹ̀ mọ́, nítorí páànù wà lábẹ́ gbogbo ike. Ìyàwó ọmọ ló wá páànù tó fi ń yan kéèkì títí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tó sì bá a níbi tí ata jókòó lé e lórí. Ó fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n òórùn efinrin ti ń wọlé bọ̀ nígbà náà, bákónì sì ti tutù yọ̀yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn oníbàárà ti pariwo mọ́ ọn láti àárọ̀ nítorí àpò lẹ́tà kan tó sọ nù, ó dé, ó bọ́ bàtà, ó dojú ike kan délẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn tòmátò. Nígbà tó yá, ó fẹ́ dìde lọ gbé oúnjẹ kaná. Ìyá Agbẹ̀bí fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. "Jókòó jẹ́ẹ́, ìyàwó mi. O ti ṣiṣẹ́ tó lónìí." Òun fúnra rẹ̀ ló dáná. Kò sẹ́ni tó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Elégédé ní tirẹ̀ kò mọ ààlà. Ó bo irin bákónì, ó wé mọ́ wáyà tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí kò sì rí ibi tó máa gbà lọ sókè mọ́, ó kọrí sísàlẹ̀, ó balẹ̀ sórí bákónì Bàbá Aláago. Ìyá Agbẹ̀bí lọ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kó wà," ọkùnrin náà ní. "Ó ń ṣíji bo tábìlì mi lọ́sàn-án."

Òdòdó rẹ̀ tóbi, ó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ. Á là láàárọ̀, á rọ kó tó di ọ̀sán, á já bọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, òdòdó ń là, òdòdó ń já, kò sí ọmọ. Ìyá Agbẹ̀bí ń yí i po bí ẹni tó ń wo aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti kọjá. Ó tún ránṣẹ́ pe Olódòdó.

"Màmá, kì í ṣe àìsàn," Olódòdó wí. "Oyin ni kò sí. Akọ àti abo ni òdòdó elégédé. Oyin ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú tó dà bí àtíkè láti ara akọ lọ sára abo, oyin kì í sì í sábà gòkè tó báyìí. Ẹ wò ó: èyí tó ní nǹkan rogodo lábẹ́ ọrùn yìí, abo nìyẹn. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gún lásán, akọ ni."

Ìyá Agbẹ̀bí wò ó. Òótọ́ ni. Ó lu itan pàá. "Ẹ ò rí mi lóde! Èmi ń dúró de ìbímọ, ìgbéyàwó gan-an ni kò tíì wáyé!"

Bàbá Aláago ló ní irinṣẹ́ tó yẹ: búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ kò tó ìpéǹpéjú ọmọ ọwọ́, èyí tó fi ń gbá eruku kúrò nínú aago. Àmọ́ kí oòrùn tó gbóná ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, kí òdòdó tó padé. Bí oníṣẹ́ iná ṣe jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu àti ṣòkòtò pénpé nídìí, tó sì bá bàbá arúgbó kan lórí bákónì rẹ̀, gíláàsì lójú, tó ń wo inú òdòdó.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó di ọ̀la," Bàbá Aláago dáhùn láìwo ẹ̀yìn.

"Má dá wọn lóhùn," ìyá rẹ̀ wí. "Ọwọ́ wọn dí. Bàbá, ṣé ẹ rí àtíkè náà?"

"Mo rí i. Ó pọ̀ lára akọ."

"Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ gbé e wá sára abo."

"Ṣé èyí tó?"

"Ta lẹ ń bi? Mi ò ṣe alárinà rí láyé mi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di oyún ni wọ́n máa ń gbé wọn wá bá mi."

Abo àkọ́kọ́ já bọ́. Èkejì náà já bọ́. Ìkẹta, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níwájú tábìlì Bàbá Aláago, ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, gbogbo ilé gbọ́ ohùn kan tí wọn kò gbọ́ rí, ohùn ọkùnrin tó ń lọgun bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀.

"Ìyá Agbẹ̀bí! Ìyá Agbẹ̀bí o! Ó ń wú! Ẹ máa bọ̀, ó ń wú!"

Obìnrin náà gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, kò tilẹ̀ rántí di irin mú. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ ló rántí pé òun ní orúnkún.

Elégédé náà tóbi tó ẹyin, ó tóbi tó ìkúùkù, ó tóbi tó orí ọmọ tuntun. Láràárọ̀ ni Bàbá Aláago ń fi irin ìwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n, tó sì ń kígbe iye rẹ̀ sókè, àwọn ará ilé sì máa ń dúró gbọ́ ọ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó wúwo débi tí ọrùn rẹ̀ fẹ́ já, Ìyá Agbẹ̀bí mú ọ̀kan nínú aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì fi pọn ọ́n mọ́ irin bákónì bí ọmọ. Àríyànjiyàn wá dé. Ta ló ni ín? Àjà kẹta ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, àjà kejì ni orí rẹ̀ wà. Obìnrin onídìrí tó ń gbé nísàlẹ̀ ní ẹni tó lóyún ló lọmọ. Tíṣà tó ń gbé ní àjà kẹrin ní ó tì o, ibi tí wọ́n bá bíni sí ni ìlú ẹni. Bàbá Aláago, ẹni ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà lórí àtẹ̀gùn láti ìrọ̀lẹ́ títí tí iná fi tàn, kò sì gbà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni wọ́n ká a. Ìyá Agbẹ̀bí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ, iṣẹ́ òun ni. Bàbá Aláago tẹ́ apá méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, oníṣẹ́ iná tú aṣọ funfun, àwọn ará ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà àti lórí bákónì, olúkúlùkù ń na ọrùn.

"Ṣé ẹ ti gbá a mú dáadáa, Bàbá?"

"Mo ti gbá a mú."

Ó gé ìwọ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Elégédé jókòó pẹ̀sẹ̀ sí àyà arúgbó náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

"Kí la bí o?" onídìrí kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Elégédé ni!" Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Ó pé kílò méje! Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà!"

Ìyàwó ọmọ ló sè é, nínú ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn, ẹlòmíì pẹ̀lú abọ́, ẹlòmíì pẹ̀lú ife, tíṣà àjà kẹrin tó ti ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn elégédé bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Kí oṣù tó parí, okùn oníṣẹ́ iná ti ń fa ilẹ̀ lọ sí bákónì mẹ́rin míì. Ìyá Agbẹ̀bí ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń ki ìka bọ ike oníke, ó ń bá wọn wí pé omi pọ̀ jù. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún, ó kàn jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fún un mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà bákónì, ó ń fi ìka kan lọ́ ìka kejì.

"Màámi, mo fẹ́ tọrọ ike méjì lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ gbin òdòdó pupa kan tí mo rí lọ́dọ̀ Olódòdó."

"Ṣé ó ṣeé jẹ?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé ó ṣeé fi ṣe àgbo?"

"Rárá."

"Kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

"A ó kàn máa wò ó ni."

Ìyá Agbẹ̀bí ronú sí i. Ó wo ata, ó wo tòmátò, ó wo àyè tó kù. Ó kó àlùbọ́sà eléwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fún un ní ike méjì. Nígbà tí òdòdó náà là, tó pupa bí iná, ó fún un ní ẹ̀kẹta.